Ère ń dìde káàkiri Áfíríkà: ìtàn ta ni wọ́n ń sọ, ọwọ́ ta ló ń ṣe wọ́n?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022, Ààrẹ Patrice Talon ti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ṣí aṣọ lójú ère obìnrin jagunjagun kan ní Kútọnu. Ère náà ga ní mítà 30, ó sì dúró fún àwọn obìnrin ológun Dàhòmì tí wọ́n ń pè ní Agojie. Ọdún tó ṣáájú èyí ni ìjọba Zimbabwe gbé ère Mbuya Nehanda dúró sí àárín gbùngbùn Harare. Ẹlẹ́gùn obìnrin ni, òun ni àwọn òyìnbó yẹgi fún ní 1898. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún 2016 ni Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì ṣí ère Mọremí Àjàṣorò, tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Sẹ̀nẹ̀gà ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn ní 2010: ère gìrìwò tó ga ní mítà 49, lórí òkè kan ní Dakar, tí wọ́n ní ó ń polongo àjíǹde Áfíríkà.

Kí ìjọba gbé ère kalẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tí wọ́n ń gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ló ń yí padà. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóṣèlú tó jà fún òmìnira ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, irú Nkrumah ní Accra àti Kenyatta ní Nairobi. Ní báyìí, ojú ti ń padà sẹ́yìn sí àwọn ọba, àwọn akọni àti àwọn ìlú tó ti wà kí amúnisìn tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àmọ́ ère tó bá fẹ́ yin ọ̀làjú àwọn baba ńlá wa yẹ kó tọ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá náà gbà ń ṣe ọnà: kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nílé ṣe é, kí ìtàn ara rẹ̀ pé, kí ará ìlú sì lè kà á bí ẹni ka ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn ère tuntun yìí kò tíì dé ibẹ̀.

Irọ́ tí àwọn ère yìí ń dá lóhùn

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ti sọ nípa Áfíríkà sẹ́yìn lè máa bèèrè pé kí la fẹ́ fi ère ṣe nígbà tí omi ò yọ lẹ́rọ, tí iná ò dúró. Ẹ jẹ́ ká wo Great Zimbabwe. Àwókù ìlú ńlá kan nìyẹn, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Zimbabwe, tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 11 níbòmíràn. Òkúta gígé ni wọ́n tò léra wọn, wọn ò fi amọ̀ tàbí ohunkóhun lẹ̀ wọ́n pọ̀, síbẹ̀ ògiri náà yípo láìní igun, ó sì dúró digbí. Àwọn baba ńlá àwọn Shona ló kọ́ ọ láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wúrà àti eyín erin ń gba ibẹ̀ lọ sí etí Òkun Íńdíà, àwo ilẹ̀ Ṣáínà sì wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde níbẹ̀.

Nígbà tí Karl Mauch, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1871, ọkàn rẹ̀ kò lè gbà á pé ènìyàn dúdú ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gé igi kékeré kan lára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó jọ òórùn pẹ́ńsù tí òun fi ń kọ̀wé. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, igi kédárì láti Lẹ́bánónì ni, ààfin Ọbabìnrin Ṣébà sì ni ilé náà. Orí òórùn pẹ́ńsù ni wọ́n gbé ìtàn odindi ènìyàn kà.

Gertrude Caton-Thompson, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1929, ó sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀ pé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ìlú náà. Síbẹ̀, ìjọba àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso Rhodesia, orúkọ tí Zimbabwe ń jẹ́ nígbà náà, kò fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ bẹ́ẹ̀. Peter Garlake, tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìjọba náà, ní láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí òmìnira dé ní 1980, orúkọ àwókù yẹn ni wọ́n sọ orílẹ̀-èdè, ẹyẹ òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n sì fi sára àsíá. Irú ẹyẹ náà kan ni Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Rhodesia, ti gbé lọ sí ilé rẹ̀ ní Cape Town.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa. Ní 1910, Leo Frobenius, òun náà ará Jámánì, wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí Olókun, ó rí àwọn orí amọ̀, ó sì kọ̀wé sí gbogbo ayé pé òun ti rí àjẹkù Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àròsọ tí wọ́n ní òkun gbé mì, pé àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló fi í sílẹ̀. Nígbà tó di 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, kan àwọn orí idẹ mìíràn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ilà wẹ́wẹ́ ti iwájú orí wá dé àgbọ̀n, ọ̀kan kò wọ́ lu èkejì. Ihò kéékèèké yí orí ká níbi tí irun tàbí adé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ètè pa dé jẹ́jẹ́, ọrùn sì ní àwọn ìpele tí a máa ń rí lọ́rùn ẹni tó rí jẹ tó rí mu. Láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí, ó fi ìda oyin ya ojú náà sórí amọ̀ ọ̀hún, ó fi amọ̀ mìíràn bò ó, ó gbé e síná kí ìda yọ́ ṣàn jáde, ó wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí idẹ bá dì kó tó dé gbogbo kọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ló kù.

Ní 1963, ọdún 25 lẹ́yìn Wúnmọníjẹ̀, Hugh Trevor-Roper tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford ṣì ń sọ pé kò sí ìtàn Áfíríkà kankan àyàfi ti àwọn òyìnbó tó gbé ibẹ̀, pé òkùnkùn ni ìyókù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú ìwé ilé-ìwé, ó sì wọ inú orí àwọn ọmọ wa. Àwọn onímọ̀ ti tako o nínú ìwé ìwádìí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ka ìwé ìwádìí? Ère tó bá wà ní oríta, ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ á rí i, ìyá rẹ̀ tó ń ti ọjà bọ̀ náà á rí i, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó wò ó.

Ìta gbangba ni ọnà wa ti wà tẹ́lẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé àṣà òyìnbó ni gbígbé ère sójú títì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tó dúró ní Ilé-Ifẹ̀, tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára, ìta gbangba ló wà. Àpáàdì tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Ifẹ̀ àtijọ́, tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó tó jẹ́ obìnrin ló pàṣẹ rẹ̀, ojú ọ̀nà àti àgbàlá ló wà, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́. Yangí Èṣù wà ní oríta àti ẹnu ọjà. Àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà, tí wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílẹ̀ Yorùbá díẹ̀. Àwọn ará Aksum ní Etiópíà gbẹ́ òkúta gbọọrọ tó ga ní mítà 24 ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, wọ́n gbẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn sí i lára kó lè jọ ilé alájà púpọ̀. Àwọn ọmọ ogun Mussolini gbé e lọ sí Róòmù ní 1937. Ó di 2005 kí Ítálì tó fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà, ní ìpín mẹ́ta nítorí bó ṣe wúwo tó, ó sì di 2008 kí wọ́n tó gbé e nàró padà sí Aksum. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó lọ ní Áfíríkà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà sí ìta gbangba báyìí. Inú àpótí dígí ni púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń padà sí.

Ààfin àwọn ọba wa gan-an ni ilé ọnà tó tóbi jù láyé ìgbà náà. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó sì di ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Àmúnisìn ti dé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ ayé àtijọ́ ni. Ilẹ̀kùn méjì ni, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára ọ̀kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára èkejì, òyìnbó aṣojú ìjọba wà nínú àga tí àwọn kan gbé rù, ó ká jọ sínú rẹ̀, àwọn aláàárù rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn ère náà yọ síta gan-an lára pákó débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Ẹni tó bá wọ ààfin á rí i kedere: ọba jókòó, àlejò ló ń bọ̀ wá bá a. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí i, síbẹ̀ ó ti sọ irú ojú tí ìlú fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan níbẹ̀, fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Bí a ṣe mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ni pé oríkì rẹ̀ kò parun: ó ti kú ní 1938, ṣùgbọ́n aya rẹ̀ kan ṣì ń ki í ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ń dárúkọ ohun tó gbẹ́ àti ààfin tó gbẹ́ wọn sí.

Ní Ìbìní, idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ya ọba, àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ ogun àti àwọn oníṣòwò Potogí sí lára, ara òpó ààfin ni wọ́n kàn wọ́n mọ́. Olfert Dapper, ará Họ́láńdì, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1668 pé idẹ bo àwọn òpó náà láti òkè délẹ̀, àti pé ogun tí wọ́n jà ló wà lára wọn. Ìwé ìtàn ni. Bí wọ́n bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kà á. Lónìí, ojúewé ìwé yẹn ti fọ́n káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ojú Idia àti ohun tó ń padà bọ̀

Oṣù Kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbìní, wọ́n kó ààfin lẹ́rù, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó kú sí ní 1914. Lára ohun tí wọ́n kó ni ìbòjú eyín erin tó jẹ́ ojú Idia, ìyá Ọba Esigie. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra FESTAC, ayẹyẹ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ìbòjú yẹn ni wọ́n fi ṣe àmì ayẹyẹ. Ìjọba ní kí British Museum yá wa lò. Wọ́n kọ̀. Àwọn agbẹ́gi Ìbìní bá gbẹ́ òmíràn.

Èyí tí wọ́n kọ̀ láti yá wa yìí ló wá di ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù lọ nínú ọnà Áfíríkà. Ó wà lára aṣọ, ó wà lára àwo, ó wà lára ògiri ilé ìjọba, ọmọdé tí kò tíì dé Ìbìní rí mọ̀ ọ́n. Fún mi, èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé ọnà ìta gbangba ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù, ìta ló ti ń gbé ní Nàìjíríà láti bí àádọ́ta ọdún.

Ní báyìí, àwọn nǹkan kan ti ń padà. Jámánì fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Keje 2022 pé ohun tó lé ní 1,100 nínú iṣẹ́ ọnà Ìbìní tó wà lọ́wọ́ wọn ti di ti Nàìjíríà, wọ́n sì gbé àkọ́kọ́ wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Họ́láńdì dá 119 padà ní 2025. British Museum, tó ní ju 900 lọ, kò tíì dá tirẹ̀ padà. Òfin 1963 ni wọ́n máa ń fà yọ, pé kò gbà wọ́n láyè.

Ibi tí àwọn tó ń padà yóò máa gbé ló wá di àríyànjiyàn. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Ìbìní ló ni wọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun kan, MOWAA, tí wọ́n kọ́ sí Ìbìní, fẹ́ ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kọkànlá 2025, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ya wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù náà, wọ́n sì sún ìṣíde rẹ̀ síwájú. Wọ́n ní ti ọba ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ọba ló sì yẹ kó máa darí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ kí wọ́n já wọ ibi tí àlejò wà. Ṣùgbọ́n ìbínú náà ní ìdí. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé fẹ́ wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé e sí.

Ọwọ́ ta ló ṣe é?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Ère Dakar tí mo sọ, tó ná wọn tó mílíọ̀nù 27 dọ́là, ilé iṣẹ́ ìjọba Kòríà Àríwá kan tó ń jẹ́ Mansudae ló kọ́ ọ. Àwọn ààfáà bínú nítorí ara ìhòòhò, Ààrẹ Abdoulaye Wade tún sọ pé ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá ń wọlé níbẹ̀ jẹ́ tòun, nítorí òun ni òun ronú kàn án. Àjíǹde Áfíríkà, tí ọmọ Áfíríkà kò sì dà á!

Ti Kútọnu ló yà mí lẹ́nu ju ti Dakar lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun 26 padà, èyí tí Ọ̀gágun wọn, Dodds, kó nínú ààfin Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní 1892. Ère Ọba Glèlè tó ní orí kìnnìún wà nínú wọn, ti Ọba Béhanzin tó jẹ́ ẹja ekurá lápá kan náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin ààrẹ ní oṣù Kejì 2022, èrò rọ́ lọ wò wọ́n, àwọn kan ń sunkún. Gbogbo wọn rí ohun tí agbẹ́gi ààfin lè ṣe. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba kan náà ṣí ère Agojie, Li Xiangqun ará Ṣáínà ló sì ṣe é. Ìdílé Huntondji, tí wọ́n jẹ́ alágbẹ̀dẹ ọba ní Àgbómẹ̀ láti ìran dé ìran, ṣì wà nídìí iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ère mítà 30 ju àgbẹ̀dẹ ilé lọ, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá àti onímọ̀ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ẹni tó mọ bí kìnnìún Glèlè ṣe ń dúró ni ìbá ya àwòrán rẹ̀, kí ará Ṣáínà wá bá a dà á. Irun, ìdúró, ọ̀nà ìfàmúra aṣọ, àwọn nǹkan yẹn ní èdè tiwọn ní Àgbómẹ̀.

Kí n sọ èyí tó dára náà: ní Kútọnu kan náà, ara ògiri èbúté ọkọ̀ ojú omi, tó gùn tó bíi kìlómítà kan, ni wọ́n fi fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ mèremère kun ọba àti abọ̀rìṣà sí i. Ọwọ́ ọmọ Áfíríkà wà nínú ìyẹn, àwọn ènìyàn sì ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

A ti ní ẹni tó ṣe é dáadáa sẹ́yìn. Ben Enwonwu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gi ní Onitsha, ló da ère Ṣàngó tó dúró níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó, ní 1964. Olú ààrá níwájú ilé iná! Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ère rẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Anyanwu, wà níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, àtúndà rẹ̀ kan sì wà ní olú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York láti 1966.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo fẹ́ràn jù. Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló kó àwọn èèyàn jọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú ló ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi. Sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti pákó ni wọ́n fi ṣe é, òrìṣà tí ìlú ń bọ ni wọ́n ṣe, ibi tí ìlú ti ń bọ ọ́ ni wọ́n ṣe é sí. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Òjò máa ń jẹ sìmẹ́ǹtì náà, odò sì máa ń kún, nítorí náà títún ṣe kò lè dáwọ́ dúró, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ló sì ń tún un ṣe.

Ohun mìíràn tó wù mí ni bí wọ́n ṣe ṣe ti Nehanda ní Harare. Nígbà tí àwòrán ère àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn ará ìlú pariwo pé ọmọge ni wọ́n gbẹ́, pé ìyá àgbà ni Nehanda nígbà tí wọ́n pa á, fọ́tò rẹ̀ sì wà. David Mutasa tó ń gbẹ́ ẹ padà sídìí iṣẹ́, ó tún un ṣe. Ìyà jẹ ẹ́, àmọ́ ìlú ló ni ìtàn náà, wọ́n sì dá sí i.

Bí a kò bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ wa ṣe tirẹ̀. Ní 2017, Damien Hirst, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé orí aláwọ̀ wúrà kan tó jọ orí Ifẹ̀ gẹ́lẹ́ jáde ní Venice. Victor Ehikhamenor, tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà láti ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn ọnà, ló sọ ọ́ síta pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀ pé Ifẹ̀ ló ti wá.

Ìyìn ọ̀kan, ẹkún èkejì

Ọ̀rọ̀ tó le jù nìyí, a kò sì lè fò ó. Àwọn Agojie jà pẹ̀lú ìgboyà kí Faransé má baà gba ilẹ̀ wọn láàárín 1890 sí 1894, ọ̀pọ̀ wọn sì kú sójú ogun. Òótọ́ ni. Òótọ́ mìíràn ni pé ọmọ ogun Dàhòmì kan náà gbé ogun wá sí Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Inú Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ yìí kan náà ni Kétu wà lónìí. Ará Kétu tó bá dúró lábẹ́ ère mítà 30 yẹn, kí ni kó rò?

Èmi kò ní kí wọ́n wó o. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n kọ orúkọ Kétu sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀làjú kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Róòmù lẹ́rú, Gíríìkì lẹ́rú, àwọn tó kọ́ ààfin ńlá káàkiri ayé ṣe ibi. Bí a bá ní kò sí ibi kankan láyé àtijọ́ tiwa, irọ́ tiwa la ń pa yẹn, ọmọ tó bá dàgbà tó ka ìwé fúnra rẹ̀ kò sì ní gba ère kankan gbọ́ mọ́.

Ti Mọremí náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí nínú. Kí ère tó dé ni ọdún Ẹdì ti ń rántí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, bó ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú láti lọ wá àṣírí àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù, àti bó ṣe fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn Ugbò tó wà níhà kejì ìtàn náà wà láàyè, Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn nípa ẹni tó kọ́kọ́ ni Ifẹ̀. Àkọlé tó bá mẹ́nu kan ìyẹn kò ní dín Mọremí kù.

Kí ni kí á máa bèèrè?

Ní oṣù Kẹwàá 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà gbé ère Jacob Zuma, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, kalẹ̀ ní Owerri, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ń sunkún owó wọn. Gbogbo orílẹ̀-èdè pariwo. Ìbéèrè tí wọ́n béèrè nígbà náà ló yẹ kí á máa béèrè lórí gbogbo ère, títí kan ti ọba àti akọni tí a fẹ́ràn: èló ni, ta ló gba iṣẹ́ náà, ta ló yẹ ìtàn rẹ̀ wò, ta ni yóò máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ìsúná ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi kọ àkọlé náà ṣe pàtàkì. Ní ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà ní Oníkan, l'Ékòó, tí wọ́n pè ní John Randle, Yorùbá ló ṣáájú nínú àwọn àkọlé. Ìyẹn ló yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ ère, kí orúkọ ẹni tó ṣe é sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ kò bá ki ọkọ rẹ̀, báwo ni à bá ṣe mọ ohun tó gbẹ́?

Ní ti iṣẹ́ idẹ, kò sí ìdí kankan láti lọ jìnnà. Ìtàn Ìbìní sọ pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ kí wọ́n fi ẹni tó mọ idẹ dídà ránṣẹ́ sí òun, Iguegha sì ni ẹni tó lọ. Ní òpópónà Igun ní Ìbìní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onídẹ ọba ṣì ń fi ìda mọ orí, wọ́n ṣì ń da idẹ lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá rìn kọjá níbẹ̀ á rí iṣẹ́ wọn níwájú ilé. Gómìnà tó bá ń wá ẹni tí yóò da ère ọba fún ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ rán ẹni lọ sí Igun láti bi wọ́n ní iye tí wọn yóò gbà.